Lẹ́tà sí Àwọn Tó Ń Ṣírò Owó Ọmọ

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti ìwé owó ọmọ, ẹ kú iṣẹ́.
Ọláníyọnu ni orúkọ mi.
Nọ́ńbà mi wà lókè ìwé, ó gùn ju orúkọ bàbá mi lọ.
Láti ẹ̀wọ̀n Armley ni mo ti ń kọ̀wé, ní Leeds,
níbi tí fèrèsé ti kéré tó bẹ́ẹ̀
tí òjò fi ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ kọ̀wé sí mi.
Ilé àtijọ́ lẹ kọ ọ́ sí, ní Harehills,
tí onílé ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ kí n tó dé kóòtù.
Obìnrin tó ń gbébẹ̀ báyìí ló kó wọn fún ẹ̀gbọ́n mi,
nínú àpò náílọ́ọ̀nù, bí ẹni kó ẹja tó ti bàjẹ́.

Ẹ ní mo jẹ gbèsè oṣù mẹ́jọ.
N kò jiyàn.
Ṣùgbọ́n gbèsè náà kò gbọ́ nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.
Ó ń rìn ní títì, ó ń wọ bọ́ọ̀sì,
ó ń ka pọ́n-ùn mẹ́rìnlélógójì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀,
bí ẹni pé mo ṣì ń wa ọkọ̀ ẹrù lóru
láti Wakefield dé Hull, tí owó ń wọlé lọ́jọ́ Ẹtì.

Pọ́n-ùn mẹ́sàn-án ni ọ̀sẹ̀ kan níhìn-ín.
Aṣọ ìbora ni mò ń rán. Ẹ̀rọ mi a máa fà sọ́tùn-ún,
mo fi orúnkún tì í.
Fóònù gba mẹ́rin nínú owó náà, ọṣẹ gba ọ̀kan.
A kì í béèrè òrùka
lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n gba ìka rẹ̀.

Emlyn, ará Wales tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, ló ní
“Kọ̀wé. Ta ni yóò gbọ́ ohun tí o kò sọ?”
Òun alára dákẹ́ fún ọdún méjì,
gbèsè rẹ̀ ti hu irùngbọ̀n.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣírò
láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì tí wọ́n mú mi wọlé.
Rukhsana tó ń ràn wá lọ́wọ́ ní yàrá ìkàwé
ní ó lè jẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kà.
Mo gbọ́. Mo ṣì ń bẹ̀bẹ̀.

Ó ní òdo ni ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ń san.
Òdo.
Mo wò ó títí lórí ìwé.
Ó rí roboto, bí ẹnu ọmọ
tó ń pe bàbá rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn.

Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, bí òfin ti wí.
Kò ní ya Ìbíwùmí lẹ́nu.
Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí lọ nu ilẹ̀ ọsibítù,
òun gan-an ni mo jẹ ní gbèsè, kì í ṣe ẹ̀yin.
Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí Tẹniayọ̀ rí òdo yẹn.

Ṣé ẹ ní fọ́ọ̀mù fún pọ́n-ùn kan?
Eyín iwájú rẹ̀ yọ lọ́jọ́ Àìkú.
Lórí fóònù ni mo ti gbọ́ àlàfo náà,
afẹ́fẹ́ ń gba àárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá.
Lọ́dọ̀ wa, orí òrùlé là ń ju eyín sí.
Níbí, owó ni ọmọ ń bá lábẹ́ ìrọ̀rí láàárọ̀,
kò sì mọ ẹni tó fi í síbẹ̀.
Mo lè fi fóònù ọ̀sẹ̀ yìí du ara mi.

Rukhsana ní kí n pa ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn yìí rẹ́,
pé kò sí ibi tí ẹ ó kà á sí.
Mo ti fi gègé fa ìlà lé e lórí.
Ẹ gbé ìwé náà sójú iná,
ẹ ó rí i.